Ó ku awẹ́ ọkàn kan fún mi nínú Ocarina of Time, mo sì ti wá a tì

ỌmọBódìjà

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti gba oorun lójú mi. Géèmù Ocarina of Time, ọ̀kan nínú àwọn Legend of Zelda, ni mò ń ta bí ayò lórí ẹ̀rọ Switch láti bí oṣù méjì, mo ti dé ẹnu ọ̀nà ilé Ganon, olórí ọ̀tá inú ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ wọlé títí ọkàn mi á fi pé. Odindi 19 ni mo ní, ìkogún ti ní awẹ́ mẹ́ta. Ó ku ẹyọ kan péré, ẹyọ ọ̀hún ò sì sí níbì kankan láyé yìí.

Kí ẹni tí ò mọ géèmù náà má baà sọnù: ọkàn ni wọ́n fi ń ka ẹ̀mí Link, akọni tí à ń darí, ọkàn 3 ló sì ń gbé wọ ayé. Àwọn ọ̀gá iwin 8 wà nínú ihò àti tẹ́ńpìlì, èyí tó o bá pa nínú wọn á fi odindi ọkàn kan sílẹ̀ fún ọ. 11 nìyẹn. 9 tó kù ni wọ́n là sí wẹ́wẹ́, wọ́n wá tọ́jú awẹ́ 36 náà káàkiri Hyrule, ilẹ̀ inú géèmù náà, sórí òrùlé, sábẹ́ omi, sínú ihò, sọ́wọ́ àwọn tó ń pe èèyàn wá ta tẹ́tẹ́. Mẹ́rin-mẹ́rin ló ń di odindi. Piece of Heart ni wọ́n kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n àbúrò mi obìnrin jókòó tì mí lọ́jọ́ kan, ó wò ó títí, ó ní "obì aláwẹ́ mẹ́rin kọ́ nìyí?" Látọjọ́ náà, awẹ́ là ń pè é nílé wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fídíò ránṣẹ́ sí mi. Ẹ máa bi mí léèrè ni, bí wọ́n ṣe ń bi ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù: ibo lo dé, ibo lo jókòó sí?

AdìẹÌrànà

Awẹ́ mẹ́ta ṣí, ọ̀kan kọ̀. Ẹ tún obì yín dà o 😂

Ṣùgbọ́n kí á tó máa wá nǹkan kiri, ṣé o kà á dáadáa? Ìlà méjì ni ọkàn wà lókè, mẹ́wàá mẹ́wàá. Èmi ti wá awẹ́ kan fún ọ̀sẹ̀ kan rí, ọ̀gá kan tí mi ò tíì pa ló jẹ mí ní gbèsè.

ỌmọBódìjà

Mo kà á. Àbúrò mi náà kà á. Ọ̀gá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti kú, bẹ̀rẹ̀ látorí Gohma dé orí àwọn ìyá àjẹ́ méjì inú aṣálẹ̀.

Ẹ̀gbọ́nPeckham

Ọmọ Bódìjà, o ṣe dáadáa tó o sá fún fídíò. Ọdún 1999 ni mo ta á lórí N64, ẹ̀rọ Nintendo ayé ìgbà yẹn, nínú fúláàtì ìyá mi ní Peckham. Oṣù kọkànlá ọdún 1998 ló jáde ní Japan àti Amẹ́ríkà, ó dé ọ̀dọ̀ tiwa ní Yúróòpù nínú oṣù kejìlá. A ò ní íntánẹ́ẹ̀tì nílé. Èmi àti bọ̀dá mi ní ìwé àjákọ kan, ìwé ìṣirò ni tẹ́lẹ̀. Ojú ewé kan fún ibì kan: Kakariko, Lake Hylia, Zora's River. A fi rúlà la ojú ewé sí méjì, apá òsì fún Link ọmọdé, apá ọ̀tún fún Link àgbà. Ẹ mọ̀ pé tó bá ti fa idà yọ ní Temple of Time, ọdún méje ló fi sùn kó tó jí. Ilé tó dúró nígbà èwe rẹ̀ ti di àwókù nígbà tó jí, ọjà ti kún fún òkú. Nǹkan tó jẹ́ pé ọmọdé nìkan ló lè rí i gbà, o lè wá a dọ́la tó bá jẹ́ pé pẹ̀lú ara àgbà lo fi ń wá a.

Nítorí náà, apá òsì la ó ti bẹ̀rẹ̀. Dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, má fò:

Ajá obìnrin inú ọjà, lálẹ́? Ilé àpótí tẹ́tẹ́ lálẹ́? Bombchu Bowling? Dampé tó ń gbẹ́lẹ̀ ní ibojì? Ilé gogoro Lon Lon, níbi tí wàá ti ti àpótí kúrò kó o tó rá kòrò wọ ihò? Àwọn Skull Kid inú igbó, èyí tó fẹ́ orin Saria àti àwọn méjì tó ń fọn fèrè? Ògùṣọ̀ Zora's Domain, ṣé o fi igi Deku tan gbogbo rẹ̀ pátá? Ẹja pípa? Àkèré?

Tó o bá dé ti àkèré, sọ iye tí wọ́n fún ọ fún mi, má kàn wí pé "mo ti ṣe é".

ỌmọBódìjà

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ó yá.

Ajá: mo ti mú un délé. Funfun ni, Richard lorúkọ ẹ̀, mo kọ́kọ́ gbé èyí tí kì í ṣe òun lọ, ìyá yẹn sì lé mi jáde. Ilé àpótí: mo ti gbà á. Mo fowó ṣòfò níbẹ̀ bí ọ̀mùtí kí ẹnì kan tó sọ fún mi pé kí n fi Lens of Truth wò ó, pé á fi ohun tó wà nínú àpótí hàn mí. Bowling: mo ti gbà á, òun àti àpò bọ́ǹbù. Lon Lon, mo ti gbà á. Saria, mo ti gbà á. Àwọn onífèrè náà, mo ti gbà á. Ògùṣọ̀, mo ti gbà á lẹ́ẹ̀kẹrin, igi ń jó tán lọ́wọ́ mi. Ẹja, mo ti gbà á nígbà ọmọdé. Àkèré, awẹ́ MÉJÌ: ọ̀kan fún orin ìjì, ọ̀kan fún eré tí wọ́n ti ń fò mú kòkòrò. Mo mọ ìdí tẹ́ ẹ fi béèrè.

Dampé, ẹ jẹ́ kí n sọ tiẹ̀ dáadáa nítorí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nínú mi. Rupee 10, owó Hyrule nìyẹn, ni ó ń gbà fún gbígbẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Alẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ́. Ó tò lọ síwájú mi pẹ̀lú iké ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń tẹ̀ lé e bí ọmọ iṣẹ́. Mo dúró síbi ilẹ̀ rírọ̀ kan, mo ní kó gbẹ́ ẹ. Ó gbé ṣọ́bìrì. Rupee aláwọ̀ ewé kan yọ, ẹyọ 1. Mo san 10, mo gba 1. A sún díẹ̀. Ó gbẹ́. Òfo. A sún. Ó gbẹ́. Rupee búlúù, 5. Ọjọ́ àkọ́kọ́, owó mi tán. Ọjọ́ kejì mo lọ ń gé koríko káàkiri kí n lè rówó san fún agbẹ́sàréè. Ọjọ́ kẹta ló tó hú awẹ́ náà jáde, ibi tó sì ti hú u, ó ti gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀! Tẹ́tẹ́ pọ́ńbélé ni, kò sí ọgbọ́n kankan nínú ẹ̀.

AdìẹÌrànà

"Mo ń tẹ̀ lé e bí ọmọ iṣẹ́." Mo kú o.

ỌmọÀjàṣẹ́

Ẹ káalẹ́ gbogbo ilé, láti Pọ́tónófò. Lórí 3DS, ẹ̀rọ Nintendo alágbèéká, ni mo ti ta tèmi, èyí tó jáde ní 2011. Ìkòkò ńlá ìlú Goron ńkọ́? Ìyẹn ló jẹ mí níyà jù. Gbogbo èèyàn ló ń gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n á rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni.

ỌmọBódìjà

Mo mọ ìkòkò náà. Mo tan ògùṣọ̀ tó yí i ká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, mo ju bọ́ǹbù sínú ẹ̀. Owó ló pọ̀ sílẹ̀. Ṣé kì í ṣe ìyẹn?

ỌmọÀjàṣẹ́

Haa! Owó kọ́ o. Ìkòkò yẹn ní ojú mẹ́ta lára, ìrísí wọn ò jọra. Bọ́ǹbù á dá a dúró ni, ojú tó bá kọ sí ọ ló ń pinnu ohun tó máa bì jáde. Èyí tó ń rẹ́rìn-ín ni kó kọjú sí ọ.

Ẹ̀gbọ́nPeckham

Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni, a jẹ́ pé a ti rí i. Lọ wò ó.

ỌmọBódìjà

Mo ti padà dé. Mo ju bọ́ǹbù títí àpò fi gbẹ. Nígbà tí ojú ẹlẹ́rìn-ín wá dúró, rupee aláwọ̀ elésè àlùkò ló já bọ́, kò sí awẹ́. Àbúrò mi ló wá rán mi létí pé ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dé ibẹ̀, òun ló mú páàdì, òun sì gbà á. Ó ní òun sọ fún mi nígbà náà, pé mo ń jẹ ẹ̀bà ni.

WáyàTútù

Kí ló dé tẹ́ ẹ ń fìyà jẹ ara yín báyìí? Fídíò wà tí wọ́n ti to gbogbo awẹ́ 36 lẹ́sẹẹsẹ. Wò ó, mú ti ẹ, máa lọ. Géèmù ọdún 1998 ni, kì í ṣe ìdánwò JAMB.

AdìẹÌrànà

Ẹni tó ń jẹ iṣu rẹ̀ pẹ̀lú epo, má fi ata sí i fún un. Ọmọ yìí ti sọ pé òun ò fẹ́ fídíò.

Ẹ̀gbọ́nPeckham

Wáyà, mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo fídíò á rí 36, kò ní mọ èyí tí òun ò tíì mú nínú wọn. Awẹ́ tó o ti mú kò ní sí níbẹ̀ mọ́, èyí tó wà lọ́wọ́ èèyàn sì ni kí o tún eré ṣe látìbẹ̀rẹ̀ kó o tó mọ̀ bóyá o ti gbà á rí. O ṣì máa rin gbogbo Hyrule ká. Ó sàn kí èèyàn bi í léèrè.

Ó yá, apá ọ̀tún. Ìje Dampé tó ti di òkú: o sá a lẹ́ẹ̀mejì àbí ẹ̀ẹ̀kan? Ti àkọ́kọ́, Hookshot, ìkọ́ oníṣẹ́ẹ̀nì yẹn, lo ń gbà. Awẹ́ wà ní ẹ̀ẹ̀kejì, kí o sì sá a tán kó tó pé ìṣẹ́jú kan. Ọkùnrin orí òrùlé Kakariko? Màlúù tó wà nínú àhámọ́ nílé Impa? Orí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́? Ice Cavern? Zora's Fountain, méjì, ọ̀kan lórí yìnyín, ọ̀kan nísàlẹ̀ omi? Ẹṣin àti ọfà lọ́dọ̀ àwọn Gerudo, 1000 máàkì? Àwọn ibi tó o gbin ẹ̀wà sí nígbà èwe kó o lè gùn ún lágbà: orí Death Mountain, inú kòtò iná, ibojì, aṣálẹ̀, òkè ilé ìwádìí ní Lake Hylia?

ỌmọBódìjà

Gbogbo ẹ̀ ni. Ìje Dampé lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin orí òrùlé ní òun ò rò pé ẹnì kankan á gun òkè wá kí òun. Ẹ̀wà 10 ni mo rà, ẹ̀yin náà mọ ohun tí bàbá yẹn ń ṣe fúnni: àkọ́kọ́ rupee 10, ìkejì 20, ó ń gbé e lọ bẹ́ẹ̀ títí ìkẹwàá fi di 100. Ẹ̀ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta ó lé àádọ́ta lórí ẹ̀wà! Ká ní ọjà Bódìjà ni, wọn ì bá ti sọ ọ́ lókùúta.

ÀbíkẹGéèmù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Kí ni àwọn aláǹtakùn wúrà yẹn wúlò fún? Mo ti pa 14.

Ẹ̀gbọ́nPeckham

Àbúrò, káàbọ̀. 100 ni wọ́n. Ilé kan wà ní Kakariko, bàbá olówó kan àtàwọn ọmọ rẹ̀ ni ojúkòkòrò sọ di aláǹtakùn níbẹ̀. Bó o ṣe ń pa á ni wọ́n ń padà di èèyàn. 10, wọ́n á fún ọ ní àpò owó tó ń gba 200. 20, òkúta kan tí wọ́n ń pè ní Stone of Agony. 30, àpò tó ń gba 500. 40, Bombchu, bọ́ǹbù tó ń sáré nílẹ̀ bí eku. 50, awẹ́ ọkàn kan.

Òkúta yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Tó o bá ti sún mọ́ ihò tó fara pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀, páàdì á máa gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ. Lórí N64, àfi kó o ní Rumble Pak, ohun kékeré tí wọ́n ń kì bọ páàdì kó lè gbọ̀n, kí o tó mọ̀ ọ́n lára. Tiwa wá pẹ̀lú géèmù Lylat Wars, bátìrì kéékèèké méjì ló ń lò. Mo rántí alẹ́ kan tí bọ̀dá mi ń rìn ní pápá tó ṣófo, kò sí ohunkóhun lójú àwòrán, páàdì wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. A wo ara wa. Ó ju bọ́ǹbù sílẹ̀, ilẹ̀ la.

ỌmọÀjàṣẹ́

Lórí 3DS, ohùn ni wọ́n fi rọ́pò ìgbọ̀n náà. Kò dùn tó bẹ́ẹ̀.

Àbíkẹ, tó o bá ní ìgò, kó kòkòrò sínú ẹ̀. Gbogbo ibi ilẹ̀ rírọ̀ tí wọ́n ń gbin ẹ̀wà sí ni aláǹtakùn kan wà lábẹ́ ẹ̀. Da kòkòrò náà sílẹ̀, á wọnú ilẹ̀, aláǹtakùn á jáde sí ọ. Nígbà ọmọdé ni o. Tó o bá sì ti pa gbogbo èyí tó wà ládùúgbò kan, àmì agbárí á yọ lórí máàpù.

ÀbíkẹGéèmù

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ti 100 náà ńkọ́, kí ni wọ́n ń fúnni?

AdìẹÌrànà

Rupee 200.

ÀbíkẹGéèmù

Nìkan?

AdìẹÌrànà

Tó o bá padà wá, wọ́n á tún fún ọ ní 200. Títí ayé. Nígbà tí o ò rí nǹkan kan rà mọ́.

ỌmọBódìjà

Èmi ti ní 97 nínú wọn. Àwọn wọ̀nyẹn gan-an ló dùn mọ́ mi jù awẹ́ lọ, torí pé wọ́n máa ń han, o ó gbọ́ ìró wọn lára ògiri kó o tó rí wọn. Kò sí èyí tó dùn tó èyí tó wà nínú àpótí pákó nísàlẹ̀ omi nílé bàbá oníwàádìí ní Lake Hylia. Mo wọ bàtà irin, mo rì wọ inú kànga ilé ẹ̀ gbìì, bàbá náà dúró lókè ń wò mí, mo fọ́ àpótí, mo pa á, mo bọ́ bàtà, mo léfòó. Mo ní èèyàn gbọ́n o.

Ẹ̀gbọ́nPeckham

Dúró ná.

Bàtà irin lo fi wọ inú omi yẹn?

ỌmọBódìjà

Bẹ́ẹ̀ ni sà.

Ẹ̀gbọ́nPeckham

Nígbà tó o jáde, kí ni bàbá náà fún ọ?

ỌmọBódìjà

Kò fún mi ní nǹkan kan. Aláǹtakùn ni mo lọ mú.

Ẹ̀gbọ́nPeckham

Ìpẹ́ tó ń jẹ́ kí Link lè wẹ̀ lọ sísàlẹ̀ omi, èwo lo ní? Lọ wo ojú ewé ohun èlò rẹ. Fàdákà ni àbí wúrà?

ỌmọBódìjà

Fàdákà. Èyí tí wọ́n fún mi ní Zora's Domain nígbà ọmọdé, tí mo bẹ́ sódò láti orí ìṣàn omi lọ ṣa rupee. Ṣé òmíràn wà ni?

ỌmọÀjàṣẹ́

Yéè!

Ẹ̀gbọ́nPeckham

Òmíràn wà. Nǹkan méjì ló wà nínú kànga bàbá yẹn, ìwọ sì ti mú ọ̀kan. Ó fẹ́ rí ẹni tó lè fi èémí ara rẹ̀ wẹ̀ dé ìsàlẹ̀ kó sì padà wá sókè. Bàtà irin kì í ṣe ìwẹ̀, rírì ni. Kò kà á. Ìpẹ́ fàdákà ò sì lè gbé ọ débẹ̀, ìpẹ́ wúrà ló lè gbé ọ débẹ̀. Ibi ẹja pípa nínú adágún kan náà ni ìpẹ́ wúrà wà, ṣùgbọ́n Link àgbà ni wọ́n ń fún. Ìwọ pẹja nígbà ọmọdé, wọ́n fún ọ ní awẹ́, o fàmì sí i pé ẹja ti tán.

Mi ò fi ọ́ ṣẹ̀sín o. Bí èmi àti bọ̀dá mi ṣe ṣe gan-an nìyẹn. Nínú ìwé àjákọ wa, ibi la máa ń fàmì sí dípò ohun. Ó tó oṣù mẹ́rin kí ó tó yé wa.

ỌmọBódìjà

Mo ti rìn kọjá ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹja yẹn tó ìgbà ogún. Mo kàn ń wò ó ni.

AdìẹÌrànà

Kó o tó lọ: 20 rupee ni owó ìwọlé. Ẹja kan ni bàbá yẹn máa jẹ́ kí o mú dání lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ju kékeré sómi padà, má jẹ́ kó dùn ọ́. Àwọn ńlá máa ń sá sí ẹ̀gbẹ́ igi tó rì sínú omi. Má fa okùn kíákíá. Jẹ́ kó gbé e mì dáadáa kó o tó fà á. Tó o bá rí ìdẹ kan tó máa ń rì, má lò ó, bàbá ò ní ka ẹja tó o bá fi mú. Tí ìbínú bá sì bò ọ́, ju ìwọ̀ sí fìlà orí ẹ̀. Á ṣí. O ó rí ìdí tó fi ń dé e.

ỌmọBódìjà

Mo ti dé o, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà.

Iná ò sí ládùúgbò wa lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, bátìrì Switch ló kù fún mi. Mo dúró sétí omi, àbúrò mi di tọ́ọ̀ṣì mú nítorí ẹ̀fọn. Ẹja ń bọ̀, ó ń wo ìdẹ, ó ń yíjú padà. Mo mú mẹ́rin, gbogbo wọn kéré. Bátìrì kú. Ọjọ́ kejì, ọ̀kan gbé e mì ní ẹ̀gbẹ́ igi, ó fò sókè, omi tú ká, mo fà á dé ẹsẹ̀ mi tán, okùn já. Mi ò lè kọ ohun tí mo sọ síbí.

Àárọ̀ òní, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré. Ńlá kan fà á lọ sábẹ́ ewé, mi ò jà, mo tú okùn sílẹ̀ díẹ̀, mo tún fà. Mo gbé e lọ bá bàbá. Ìpẹ́ wúrà!

Mo rìn tààrà lọ sílé oníwàádìí. Kò sí bàtà irin. Mo wẹ̀ wọlé, ó ń lọ, ó ń lọ, ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀, mo léfòó. Bàbá náà sọ̀rọ̀, mi ò ka ohun tó sọ. Awẹ́ náà gòkè sórí mi, ó yí, ó wọlé sáàárín mẹ́ta tó kù, ó di odindi. 20. Àbúrò mi ní "obì ti yàn."

Mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́nPeckham

Kú oríire, ọmọ Bódìjà. Mo ti fọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí bọ̀dá mi, ó ní kí n kí ọ.

WáyàTútù

Ó dáa. Èmi náà á lọ wo ìpẹ́ tèmi.

ỌmọÀjàṣẹ́

Oríire o! Ìbéèrè kan péré ló kù. Ṣé àwọn ọkàn ogún náà ti ní ìlà funfun yíká?

ỌmọBódìjà

Ìlà funfun wo?